Òkúta tí Dasoja àti Ọmọ Rẹ̀ Gbẹ́

Iṣẹ́ gbígbẹ́ ère là ń ṣe nílé wa. Bí mo bá rí ère, ojú ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ ń wá lára rẹ̀. Ojú yẹn náà ni mo fi wo tẹ́ńpìlì Chennakeshava ní ìlú Belur, ní ìpínlẹ̀ Karnataka lápá gúúsù Íńdíà. Ọba Vishnuvardhana ti ìran Hoysala ló ní kí wọ́n kọ́ ọ fún òrìṣà Vishnu. Ọdún 1117 ni wọ́n yà á sí mímọ́.

Òkúta ibẹ̀ rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́ sí i ló ń le sí i. Ohun tí àwa náà fi ń gbẹ́ igi ní tútù nìyẹn. Agbẹ́gilére tó bá jẹ́ kí igi gbẹ tán kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ ni yóò jìyà.

Ẹ wo ère obìnrin 38 tó wà lábẹ́ etí òrùlé lóde. Ọ̀kan nínú wọn ń wo dígí. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀yìn ewé tó ṣíji bò ó wọlé débi pé òjìji dúdú ló kù síbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ sì yọ gedegbe lára àyà. Ní tiwa, ọnà lílé, ìyẹn gígé ìrísí ère lápapọ̀, ló ń ṣáájú, àlétúnlé, ìyẹn pípín in sí ẹ̀yà kéékèèké, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, kó tó kan fífín ọnà sí i lára. Fífín obìnrin yìí pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, síbẹ̀ kò bo ìdúró rẹ̀: láti ìsàlẹ̀ lo ti máa rí bí ìbàdí ṣe yà sápá kan tí ọrùn sì tẹ̀ sí èkejì. Níbi ọnà lílé ni wọ́n ti rí ìyẹn ṣe. Ẹni tó bá kánjú fín in kò lè rí i ṣe mọ́.

Ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì náà rí bí ìràwọ̀, nítorí náà oòrùn kì í tàn sí gbogbo ara ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Erin tó lé ní 600 ló tò yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, ìrìn ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àwọn kan lára àwọn tó gbẹ́ ère wọ̀nyí kọ orúkọ wọn sí i. Dasoja wà níbẹ̀, Chavana ọmọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì wá láti ìlú Balligavi. Ọ̀pọ̀ ère àwọn baba wa ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun láìsí orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ iṣẹ́ mi kankan kò fi gbọ́dọ̀ gbé ère kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì fín orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí rẹ̀.