Dáyárì Àròsọ, Ìtàn Mánigbàgbé àti Ọ̀dọ́ Òǹkàwé: Láti Ọ̀dọ̀ Sẹ̀gilọlá Dé Lamingo

Iṣẹ́ tí ó dá lórí ìtàn mánigbàgbé kò ṣọ̀wọ́n nínú lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá. I. O. Délànọ̀ kọ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó (1955) lórí bí ìjọba òyìnbó ṣe wọlé; Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì fi eré onítàn gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970) ka iwájú ọ̀pọ̀ ìran akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí a kọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tí ó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni asọ̀tàn, tí ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ìwé tí ó fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí ni dáyárì àròsọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Scholastic bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀wọ́ Dear America jáde ní 1996, irú rẹ̀ sì tàn dé Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá bi ara wọn ni ohun tí ọgbọ́n ìsọ̀tàn yìí lè ṣe, tí àwọn tí Yorùbá ti ní tẹ́lẹ̀ kò ṣe.

Ẹnìkan lè sọ pé Yorùbá ti ní in láti ọjọ́ pípẹ́. Láàrin 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan jáde léraléra nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá. (Ìwé ọmọdé kọ́ o, ìtàn ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ ni.) Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, lẹ́tà ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ yìí àti dáyárì jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá ti darúgbó, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó sì ti mọ ibi tí ayé rẹ̀ já sí kí ó tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Nítorí náà, kò sí ayọ̀ kan tí ó sọ tí kò fi omijé kábàámọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń wò. Ẹni tí ń kọ dáyárì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò mọ ọ̀la.

Ibí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ìlànà ojú-mi-ló-ṣe pọ̀ nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lọ tí ó ti bọ̀ ni asọ̀tàn sábà máa ń jẹ́. Akàrà-ògùn ti ti inú igbó dé kí ó tó wá sọ ohun tí ó rí. Nínú Ogún Ọmọdé (1990) tí Ìṣọ̀lá kọ, àgbà ló ń rántí ìgbà èwe, adùn ìwé náà sì wà nínú ẹ̀rín àgbà sí ìwà ọmọdé. Bí asọ̀tàn bá ti mọ òpin, òwe àti ìkìlọ̀ á máa wá fúnra wọn. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, ọgbọ́n àgbà ni. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ìtàn mánigbàgbé di ohun tí kò lè ṣe kí ó má rí bí ó ṣe rí. Òǹkàwé ọ̀dọ́ á rò pé àwọn ará ìgbà náà mọ̀ pé ogun ń bọ̀, wọ́n kàn ń jókòó dè é ni.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1837 ni ó kọ lẹ́tà tí ó fi ròyìn ọjọ́ náà fún akọ̀wé ìjọ C.M.S. Láàrin ọdún mẹ́rìndínlógún yìí, ó ti di onígbàgbọ́ àti olùkọ́, ó sì ń ka ìkónilẹ́rú náà sí ara ètò Ọlọ́run fún un. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sá wọ inú igbó ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò rí ètò kankan, iná àti okùn ọrùn ló rí. Ohùn ọmọ yẹn ni dáyárì àròsọ lè dá padà.

Ìṣòro ńlá kan dìde níbẹ̀: ọmọ náà kò mọ̀wé. Sàró ni Crowther ti kọ́ ìwé kíkà. Bí òǹkọ̀wé kan bá fi dáyárì sí i lọ́wọ́ ní 1821, irọ́ ti wọ inú ìtàn láti ojú ewé kìíní. Patricia McKissack bá ìṣòro yìí pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Nínú A Picture of Freedom (1997), Clotee jẹ́ ọmọbìnrin ẹrú ní Virginia ní 1859. Bí ó ṣe ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọmọ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ ọmọ náà níwèé ni òun náà ń jí ìwé kọ́. Bí a bá ká dáyárì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé. Kíkọ ìwé fúnra rẹ̀ wá di ewu tí ìtàn náà rọ̀ mọ́. Nínú Nzingha (2000), tí ibùdó ìtàn rẹ̀ jẹ́ Àǹgólà ní 1595, ọmọ ọba ló ń kọ̀wé. Ọgbọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n kò fìdí múlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, nítorí pé ìtàn Nzingha ì bá dúró bí a bá mú dáyárì kúrò nínú rẹ̀. Ti Clotee yóò wó. Òǹkọ̀wé Yorùbá tí kò bá rí ọ̀nà bíi ti Clotee lè yá ti Fágúnwà lò: nínú Ògbójú Ọdẹ (1938), ẹlòmíràn ló mú kálàmù tí ó ń kọ ohun tí Akàrà-ògùn ń sọ. Kí ni ó dé tí ọmọ iléèwé kan kò fi lè máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ní alaalẹ́?

Ní Jọ́ọ̀sì, ìṣòro yìí fúyẹ́. Ojú irin ti so ìlú náà mọ́ Port Harcourt láti 1927, ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, sì ti ń ṣòwò níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn lọ sí iléèwé. Ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé kan fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí Lamingo, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú, ní 1942. Ọmọ náà rí i pé ọkọ̀ ń já àwọn ọkùnrin tí ebi ń pa sílẹ̀, a sì ń dà wọ́n lọ síbi ìwakùsà. Kò mọ̀ pé Jàpáánù ti gba Malaya lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí irin funfun tí a fi ń ṣe agolo fi wọ́n. Kò mọ̀ pé àwọn tí a ó fi túláàsì kó wá títí di 1944 yóò tó nǹkan bí 100,000, àti pé púpọ̀ nínú wọn yóò kú tàbí kí wọ́n sá lọ. Ohun tí ó kọ ni pé ọ̀kan nínú wọn tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá òun, àwọn kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàrin ohun tí ọmọ yìí mọ̀ àti ohun tí òǹkàwé mọ̀ ni ọmọ tí ń kàwé ní Lamingo lónìí, nítòsí ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà níbẹ̀, yóò fi ara rẹ̀ dí.

Èdè ọmọ náà yóò nílò ìfarabalẹ̀. Yorùbá òkè Ọya kò dá wà. Hausa wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "kùsà" alára jọ "kuza" ti Hausa. Bí òǹkọ̀wé bá fi Yorùbá Ọ̀yọ́ tí ó gún régé sí i lẹ́nu, pẹ̀lú òwe ní gbogbo ìlà, àgbà ti gba kálàmù lọ́wọ́ ọmọdé nìyẹn.

Ewu kan kù tí kò ṣeé fojú fò. Àwọn ìwé Dear America kò fi orúkọ òǹkọ̀wé sí iwájú ẹ̀yìn ìwé, a sì ṣe ìwé náà bí ẹni pé dáyárì gidi ni. Nígbà tí Ann Rinaldi kọ My Heart Is on the Ground (1999) lórí iléèwé Carlisle, níbi tí a kó àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà sí, ó mú orúkọ díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ láti ara òkúta ibojì àwọn ọmọ tí ó kú síbẹ̀. Àwọn aṣelámèyítọ́ láti inú ẹ̀yà wọn fi ìbínú kọ̀ ọ́, wọ́n sì jàre. Thomas náà fi ara pamọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí ìjà September 2001 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, dáyárì èké kan tí ọmọdé gbà gbọ́ lè di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ onílẹ̀ àti àlejò. Ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni dáyárì ń gbà wòta. Àwọn Anaguta, Afizere àti Berom, tí wọ́n wà níbẹ̀ kí ìwakùsà tó dé, yóò wọ ìwé ọmọ oníṣòwò Yorùbá gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò lásán àfi bí òǹkọ̀wé bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ náà ṣì wọ́n mọ̀, kí ojú sì tì í nígbà tí ó bá yá.

Nítorí náà, kí orúkọ òǹkọ̀wé hàn gbangba lẹ́yìn ìwé, kí àlàyé ìtàn gidi sì wà ní ìparí. Ohun tí ó yẹ kí a yọ kúrò nínú àwòkọ́ṣe Amẹ́ríkà ni ojú ewé tí ó máa ń sọ ẹni tí ọmọ náà fẹ́ àti ọdún tí ó kú. Ojú ewé yẹn ń sọ ọmọ náà di Sẹ̀gilọlá.