Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "Isolate" nínú Èdè-Ìperí Yorùbá

1. Ìfáàrà
Orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "isolate" ni "insula", ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí erékùṣù. Láti ara rẹ̀ ni "language isolate", "isolating language" àti "isolation" ti jẹyọ. Ìyàtọ̀ ìrísí ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ya ìtumọ̀ wọn. Bí a bá fi "àdádó" nìkan túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyàtọ̀ náà pòórá.

2. Ìbátan èdè
"Language isolate" ni èdè tí kò tíì sí ẹ̀rí pé ó bá èdè mìíràn tan. Àpẹẹrẹ kan ni Bangime, tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Bandiagara ní orílẹ̀-èdè Mali. Ó pẹ́ tí wọ́n ti kà á mọ́ àwọn èdè Dogon. Àwọn tó ń sọ ọ́ pàápàá ka ara wọn kún Dogon. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá ti Dogon mu. Èdè yìí ní aládùúgbò, ó sì yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìbátan ni kò ní. Ibùgbé ni "àdádó" ń tọ́ka sí. Ẹni tó ń gbé àdádó lè lẹ́bí rẹpẹtẹ. Ẹni tí kò lẹ́bí sì lè máa gbé láàárín ọjà.

3. Ìhun ọ̀rọ̀
"Isolating language" kò kan ìbátan rárá. Nínú irú ìpín tí August Schleicher lò ní ọ̀rúndún 19, èdè tí mọ́fíìmù rẹ̀ sábà máa ń dá dúró bí ọ̀rọ̀ ni. Yorùbá súnmọ́ ọn: "ra" kò yí padà nínú "Adé ra ìwé" àti "Adé ti ra ìwé". Ṣùgbọ́n "apẹja" àti "àìsùn" fi hàn pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà. Bí ìwé kan bá pe Yorùbá ní "èdè àdádó", akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà pé kò bá Ìgalà àti Ìṣẹ̀kírì tan. Àṣìṣe ńlá nìyẹn.

4. Ìlera
Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yìí di ti gbogbo ènìyàn. Àwọn elétò ìlera ya "isolation", ti aláìsàn, sọ́tọ̀ kúrò lára "quarantine", ti ẹni tó ṣeé ṣe kó ti kó àrùn ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò tíì fi hàn. "Ìsémọ́lé" kò ya méjèèjì. Ó sì ń dún bí ìjìyà. Ẹni tó gbọ́ ìjìyà nínú orúkọ ìtọ́jú lè fi àìsàn pamọ́. "Ìyàsọ́tọ̀" sàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìtumọ̀ ti ẹ̀sìn. Àfikún ni yóò là á yé.

5. Ìkádìí
"Èdè aláìníbàátan" ló yẹ fún ti àkọ́kọ́; "aláìlẹ́bí" súnmọ́ "aláìlẹ́bi" jù. "Èdè ọlọ́rọ̀-adádúró" yẹ fún ti ìhun. "Ìyàsọ́tọ̀ fún ìtọ́jú" àti "ìyàsọ́tọ̀ fún àkíyèsí" yẹ fún ti ìlera. Kí "àdádó" máa jẹ́ ti ibùgbé.