Òdòdó Etí Omi: Narcissus, Daffodil àti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Odò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kan máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń fi ewì Gẹ̀ẹ́sì wé ewì Yorùbá. Wọ́n a ní Yorùbá kò ka òdòdó sí, àti pé nítorí náà ojú rẹ̀ kò là sí ẹwà. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá ni pé nínú ìjálá, ẹ̀sà àti ẹsẹ Ifá, kò sí èyí tí ó dàbí ewì tí William Wordsworth kọ lórí òdòdó tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní daffodil. Ó tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìdí rẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, àbùkù ni fún lítíréṣọ̀ Yorùbá. Bí kò bá sì jẹ́ òtítọ́, àbùkù ni fún àwọn tí ń fi í kọ́ ọmọ.

Irú òdòdó wo tilẹ̀ ni daffodil? Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Narcissus, wọ́n sì kà á mọ́ ìdílé Amaryllidaceae. Inú iṣu ìdí kan tí ó rí bí àlùbọ́sà ni ó ti ń hù. Oró wà nínú iṣu náà; ẹni tí ó bá ṣì í mú fún àlùbọ́sà tí ó sì sè é jẹ, èébì ni yóò fi san án. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí ewé igi ń wọ́ dànù ni àwọn olùtọ́jú ọgbà ń rì í mọ́lẹ̀. Yóò wà nínú ilẹ̀ tútù fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí pé bí kò bá rí òtútù, òdòdó rẹ̀ kì í jáde dáadáa. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ igi ṣì wà ní ìhòòhò, ni yóò yọ orí síta, pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè. Kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń mú inú Gẹ̀ẹ́sì dùn bí kò ṣe ìròyìn tí ó mú wá, pé ilẹ̀ tí ó ti kú tún ti jí.

Àwọn Gíríìkì ìgbàanì kò fi ayọ̀ nìkan bá òdòdó yìí lò. Nínú orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n kọ sí Demeter, òrìṣà ọkà, narcissus ni ìdẹkùn tí a fi mú Persephone ọmọ rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà ti nawọ́ láti já a, ilẹ̀ là, Hades ọba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sì gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ bínú, irúgbìn kò hù mọ́, títí a fi fi ẹnu kò pé kí ọmọ náà máa lo ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ọdún lábẹ́ ilẹ̀, kí ó sì lo ìyókù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìtàn kejì wà nínú ìwé kẹta Metamorphoses tí Ovid, akéwì Róòmù, kọ ní nǹkan bí ọdún 8 lẹ́yìn ìbí Kristi. Narcissus, ọmọ odò Cephissus, lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí tọkùnrin tobìnrin ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó kọ gbogbo wọn. Níkẹyìn ó rí àwòrán ara rẹ̀ nínú omi, ó fẹ́ràn rẹ̀, kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n wá òkú rẹ̀, òdòdó ni wọ́n bá.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àlọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì. Arẹwà tí ó kọ gbogbo ọkọ tì títí ó fi tẹ̀lé àlejò tí ó yá ẹ̀yà ara lò wà lẹ́nu àwọn apàlọ́, Amos Tutùọlá sì mú un wọ inú The Palm-Wine Drinkard, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1952. Ọkùnrin tí ó pé pérépéré lọ́jà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn onínǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí lásán tí ń gbé inú ihò ilẹ̀. Ìgbéraga Narcissus àti ìrìn Persephone lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ti pàdé nínú àlọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Persephone ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́dọọdún, nítorí pé ilẹ̀ àwọn Gíríìkì ní ìgbà tí ó ń kú àti ìgbà tí ó ń jí. Ọmọbìnrin inú ìtàn Tutùọlá, nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀, ó bọ́ pátápátá. Kì í ṣe àìní ojú ẹwà ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ojú ọjọ́ ni.

Ìyàtọ̀ kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nígbà tí ìbànújẹ́ bá borí ènìyàn nínú ìtàn Ovid, ó lè di òdòdó, gẹ́gẹ́ bí Narcissus àti Hyacinthus. Nínú ìtàn Yorùbá, odò ni ó ń dà: Ọya di odò, Ọ̀ṣun di odò, Ọbà di odò. Òdòdó yóò rọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n odò ń ṣàn, àwọn àgàn ń tọ̀ ọ́ lọ fún ọmọ. Ọ̀kan ń ṣọ̀fọ̀ ẹwà tí ó kọjá lọ. Èkejì ń sọ agbára tí ó kù sẹ́yìn di ìyá fún ará ìlú. Ìwà lẹwà, ni Yorùbá wí. Ẹwà tí kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore, tí ó tẹjú mọ́ ara rẹ̀ nìkan, ni Ovid pàápàá ń bá wí.

Wàyí o, kí a padà sí ewì Wordsworth, tí ó jáde ní 1807. Ewì dáadáa ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1802 ni òun àti Dorothy àbúrò rẹ̀ rí àwọn òdòdó náà létí adágún Ullswater, Dorothy sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kókó ewì náà kò sí nínú rírí. Inú ìrántí ni ó wà. Akéwì dùbúlẹ̀ nílé, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí tún padà wá, ọkàn rẹ̀ sì yọ̀. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ti máa ń dojú rú. Ọmọ ilé-ìwé ní Agbowa, ìlú etí ọ̀sà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọyẹ́ pàápàá kò ti lè fún iṣu daffodil ní òtútù tí ó ń fẹ́, lè ka ewì náà lórí láìṣì ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí ni yóò rántí? Àwọn ọ̀rọ̀ nìkan. Jamaica Kincaid, ọmọ Antigua, fi ìbínú irú èyí sínú Lucy, ìwé rẹ̀ ti 1990, níbi tí ọmọbìnrin tí ó ka ewì náà nílé-ìwé ti lá àlá pé àwọn òdòdó ń lé òun. Ṣùgbọ́n Kincaid kan náà gbin daffodil sí ọgbà ilé rẹ̀ ní Vermont, ní Amẹ́ríkà. Òdòdó kò jẹ̀bi, akéwì kò sì jẹ̀bi.

Ohun tí ó yẹ kí ó dun olùkọ́ ni pé ìbátan daffodil ń hù nínú àbàtà àti létí odò ilẹ̀ Yorùbá. Crinum jagus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ìdílé Amaryllidaceae kan náà ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu Yorùbá, nítorí bí ewé rẹ̀ ti rí. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó rí bí agogo, ó ń ṣí nírọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ sì dára. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń lò ó fún àwọn àgbà tí iyè wọn ń rá. Ní 2004 àwọn onímọ̀ láti London àti Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé èròjà inú rẹ̀ ń dí ohun tí ń ba ọ̀nà ìrántí jẹ́ nínú ọpọlọ lọ́wọ́. Irú iṣẹ́ kan náà ni galantamine ń ṣe, oògùn tí a ń rí lára daffodil àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001 fún àìsàn ìgbàgbé àwọn arúgbó. Ó mà ṣe o! Àwọn ará àtijọ́ so orúkọ narcissus mọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí kí ara kú tipiri. Yorùbá ti fi ìbátan rẹ̀ ṣe oògùn iyè. A wá ń fi òdòdó tí ọmọ kò rí rí kọ́ ọ ní ewì ìrántí, èyí tí àwọn baba rẹ̀ fi ń wo ìgbàgbé sì wà létí odò, kò sí ẹni tí ó fi hàn án.

Nítorí náà, ẹjọ́ tí wọ́n pe Yorùbá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yorùbá kò fọ́jú sí ewéko. Ìbéèrè tí ó ń bi í ni ó yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń bi òdòdó pé, “Báwo ni o ti rí?” Yorùbá ń bi í pé, “Kí ni orúkọ rẹ, kí sì ni o lè ṣe?” Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ni ó kún inú ọfọ̀ àti inú oríkì igi oko tí àwọn oníjàálá ń kì. Kí olùkọ́ má ṣe lé Wordsworth jáde. Kí ó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ sí etí omi nírọ̀lẹ́, kí wọ́n rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò bí ó ti ń ṣí, kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n sì bi àgbà kan léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì ni kí ó tó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà náà ni yóò tó yé wọn pé ẹni tí ó kọ ewì náà rí nǹkan gan-an kí ó tó kọ ọ́.