Ẹnu Àáké àti Oyin Inú Àpáta: Yíyan Tábúlẹ́ẹ̀tì Ìyàwòrán ní Anoumabo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó rọrùn fún ọ̀dọ́ ayàwòrán láti fi òwe yìí tu ara rẹ̀ nínú nígbà tí ó bá kó gbogbo owó ìpamọ́ rẹ̀ lé orí tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán tí ó wọ́n jù lọ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà sọ kọ́ nìyẹn. Ó ní kí oníṣẹ́ má ṣe bẹ̀rù pé ẹnu àáké yóò kú nídìí iṣẹ́. Kò ní kí ó ra àáké olówó ńlá kí ó tó mọ inú àpáta tí oyin wà.

Anoumabo jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Abúlé àwọn Ébrié ni kí ìlú Abidjan tó gbòòrò yí i ká. Lónìí, apá kan Marcory ni, kò sì jìnnà sí Treichville, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ayé ìjọba Faransé, àwọn ará Ẹ̀jìgbò sì wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó tẹ̀dó sí Abidjan. Orin ni ayé fi mọ Anoumabo. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ Magic System ti jáde, àwọn tí orin wọn Premier Gaou ti ọdún 1999 sọ di ẹni mímọ̀ káàkiri. Àwọn náà ni wọ́n sì dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ ní 2008. Zouglou tí wọ́n ń kọ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Abidjan ní nǹkan bí 1990, pẹ̀lú ìlù, ìgò àti àtẹ́wọ́. Ohùn àti ọ̀rọ̀ ló ṣáájú; ẹ̀rọ olówó ńlá ló tẹ̀ lé wọn. Bí ọ̀ràn ti rí fún olórin, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ayàwòrán.

Kí ni tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán gan-an? Pátákó pẹrẹsẹ kan ni, pẹ̀lú gègé tí ó máa ń bá a rìn. Wacom, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Japan ní 1983, ló sọ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń lò lónìí di gbajúmọ̀: wáyà tí ó wà lábẹ́ ojú pátákó ń fi agbára ránṣẹ́ sí gègé, gègé a sì dá èsì padà, nítorí náà kò nílò bátìrì. Lẹ́yìn náà ni XP-Pen, Huion àti àwọn mìíràn dé pẹ̀lú owó tí ó kéré sí i. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní kò ní ojú àwòrán: ọwọ́ wà lórí tábìlì, ojú ń wo kọ̀ǹpútà. Èkejì ní ojú tirẹ̀, oníṣẹ́ a sì máa ya àwòrán lórí àwòrán gan-an. Owó rẹ̀ lè ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ.

Àléébù àkọ́kọ́ nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe ìdíwọ̀n irinṣẹ́ yìí ni ìgbàgbọ́ nínú òǹkà. Àwọn olùtajà ń polówó iye ìpele tí gègé fi ń mọ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó: ó ti jẹ́ 2048 rí, ó di 8192, àwọn kan sì ti dé 16384. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ lè ya ìpele ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn? Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju èyí lọ kì í sábà wà nínú ìpolówó: bí ó ṣe yẹ kí ọwọ́ fúyẹ́ tó kí gègé tó gbọ́. Gègé tí kò gbọ́ àfi bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ gidi kò lè fa ìlà tínrín, ì báà ní ìpele mélòó.

Àléébù kejì ni àìbéèrè irú iṣẹ́ tí irinṣẹ́ náà fẹ́ ṣe. Àpẹẹrẹ kan wà ní Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀. Ní 2018, ọ̀dọ́ ayàwòrán O'Plérou Grebet ṣe emoji kan lójoojúmọ́ títí ọdún fi pé, ó sì pe àkójọ náà ní Zouzoukwa: oúnjẹ, aṣọ, irun dídì, ohun èlò ilé àti ìfarahàn ara àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwòrán pẹrẹsẹ ni wọ́n, etí wọn mọ́, àwọ̀ wọn kò pọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbára lé bí ọwọ́ ṣe tẹ gègé. Ẹni tí kò ní ju máòsì lọ lè ṣe é. Iyì rẹ̀ wà nínú ojú tí ó yan ohun tí ó yẹ ní yíyà, àti nínú sùúrù ọjọ́ 365. Kò sí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ń ta èyí.

Ti ère gbígbẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yàtọ̀, àwọn agbẹ́gilére Yorùbá sì ti fi òdiwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lamidi Fákẹ́yẹ, tí ó kú ní 2009, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele, ọmọ Àrówóògùn ti Òsì-Ìlọrin, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà: ọ̀nà lílé, tí àáké fi ń la ìrísí ńláńlá jáde, àlétúnlé, tí wọ́n fi ń pín in sí kéékèèké, dídán, tí ara ère fi ń jọ̀lọ̀, àti fífín, tí ẹnu ọ̀bẹ fi ń kọ ilà àti ọ̀nà sí i lára. Ẹni tí ó bá ń fi ZBrush tàbí Blender gbẹ́ ère ń tọ ipa kan náà, ì báà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Níbi ọ̀nà lílé, gègé tí kò gbówó lórí ti tó. Níbi fífín ni ìyàtọ̀ ti ń hàn, nítorí pé bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń pinnu bí ilà yóò ṣe jìn tó.

Nítorí náà, pátákó oníwọ̀n àárín tí kò ní ojú àwòrán, tí gègé rẹ̀ gbọ́ràn, ló bá agbẹ́re mu jù. Ère ní láti máa yí lójú nígbà gbogbo. Ọwọ́ kan wà lórí kíbọ́ọ̀dù, èkejì di gègé mú, orí sì wà lóòró. Lórí pátákó olójú, ọwọ́ a máa bo ohun tí ó ń gbẹ́, ọrùn a sì máa tẹ̀. Ẹni tí ń fa ìlà gígùn fún ìwé àwòrán ló lè rí èrè níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọwọ́ nílò kí ó tó mọ ọ̀nà láìjẹ́ pé ojú ń wò ó.

Ewu kan tún wà. Nínú igi, àṣìṣe kò ní àtúnṣe. Nínú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì kan ti tó láti pa á rẹ́. Èyí ló ń mú ọ̀dọ́ fò sí fífín kí ọ̀nà lílé tó dúró. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ́ ìbòjú Zaouli ti àwọn Gouro, èyí tí UNESCO fi ijó rẹ̀ sínú àkójọ ogún ìran ènìyàn ní 2017. Ilà iwájú rẹ̀ lè péye, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má sì ní àyè fún orí oníjó. Ìbòjú tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé wọ̀ kì í ṣe ìbòjú. Àwòrán ìbòjú ni. Irinṣẹ́ tí ó wọ́n kò lè bo àìmọ̀ yìí. Ńṣe ni yóò fi dán.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe owó nìkan. Bí ọ̀dọ́ Anoumabo bá ná gbogbo owó rẹ̀ lórí pátákó, tí kò sì ṣẹ́ ku ti iná mànàmáná, ti ẹnu gègé tí ó ń jẹ, tàbí ti oṣù mẹ́fà tí yóò fi kọ́ ọwọ́, pátákó náà yóò padà sọ́jà Adjamé gẹ́gẹ́ bí àlòkù, àwòrán àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sì tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ó kọ́kọ́ wá àpáta tí oyin wà. Nígbà náà, àáké tí apá rẹ̀ ká yóò tó o lò, kò sì ní bẹ̀rù bí ẹnu rẹ̀ bá kú.