“Yóò” Nìkan Kọ́: Àríwísí lórí Kíkọ́ni ní Ọjọ́ Iwájú nínú Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí a sábà máa ń fi lé e lọ́wọ́ ni pé *will* ni *yóò*. Èrò wa ni pé òfin yìí ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára, nítorí pé ó ń bo ìyàtọ̀ tí ó ti mọ̀ láti ilé mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tí a lè gbọ́ ní ibùdókọ̀ ní Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní:

(1) Mò ń lọ sí Odígbó lọ́la.
(2) Ọkọ̀ yìí fẹ́ gbéra.
(3) Aago méje ni ó ń gbéra.
(4) A ó dé Bìní kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ètò tí a ti ṣe ni (1). Àmì tí a fojú rí ló bí (2). Ìṣe ọkọ̀ náà ni (3). Ìlérí tàbí àsọtẹ́lẹ̀ ni (4). Ní (4) nìkan ni *yóò* ti yọjú, ní ìrísí *ó*. Gẹ̀ẹ́sì náà ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀: *I am going*, *is about to leave*, *it leaves*, *we will reach*. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi *will* kọ gbogbo wọn lè mú kí ẹni tó ka lẹ́tà rẹ̀ gbà pé ó ṣèlérí ohun tí kò ṣèlérí.

*Fẹ́* inú (2) kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn, nítorí pé ọkọ̀ kò ní ọkàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Òjò fẹ́ rọ̀”. *Will* pàápàá, kí ó tó di atọ́ka ọjọ́ iwájú, “fẹ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́.

Inú àyísódì ni ìṣòro gidi wà. “N kò ní lọ” lè jẹ́ kíkọ̀ jálẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìròyìn lásán nípa ọ̀la. Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi *I won't go* kọ̀, tí yóò sì fi *I'm not going* ròyìn ètò. Ibí ni ó yẹ kí olùkọ́ ti lo àkókò rẹ̀.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, kò tẹ̀lé irú òfin bẹ́ẹ̀. *Shall not* ni Bíbélì King James lò nínú Òfin Mẹ́wàá àti nínú Orin Dáfídì 23. *Kò gbọdọ̀* ni wọ́n lò fún ti àkọ́kọ́, *kì yóò* fún èkejì. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni wọ́n wò.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá Yorùbá ní àsìkò tàbí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan. Ibi yòówù kí àríyànjiyàn náà já sí, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: ètò ni, àmì ni, ìṣe ni, àbí ìlérí? Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.