"Journaliste" Lẹ́nu Àwa Ọmọ Yorùbá

Ohun tí ó mú mi gbé kálámù ni ìwé gbólóhùn kan tí a ń lò ní kíláàsì Faransé wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe gbogbo àlàyé rẹ̀. Nígbà tí ó kan orí iṣẹ́ òòjọ́, ó fún wa ní journaliste, èyíinì ni akọ̀ròyìn, ó sì ní kí a fi ṣe gbólóhùn. Mo kọ "Elle est une journaliste." Olùkọ́ fi báírò pupa fa igi lé une, ó sì dá ìwé mi padà láìsọ nǹkan kan. Mo wò yíká: igi pupa kan náà wà nínú ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bíi mẹ́fà.

"Elle est journaliste" ni àwọn Faransé máa ń wí. Bí wọ́n bá ń dárúkọ iṣẹ́ tí ẹnìkan ń ṣe lásán, wọn kì í fi un tàbí une ṣáájú rẹ̀. (Bí wọ́n bá fẹ́ yìn ín, une a padà wá: "C'est une bonne journaliste.") Níbo ni àwa wá ti rí une tiwa? Kò sí nínú Yorùbá. "Akọ̀ròyìn ni" ni à ń wí, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì ni kì í lè dárúkọ iṣẹ́ ẹni láìfi a ṣíwájú, òun ni ó sì yọ́ wọ inú Faransé wa. A ní ọ̀nà tààrà, a fi í sílẹ̀, a gba àgbàlá aládùúgbò kọjá.

Ẹ tún gbọ́ bí a ti ń pè é. Nínú les journalistes, s ìparí kì í dún. Ì báà ṣe ẹnìkan, ì báà ṣe ọgọ́rùn-ún, bákan náà ni ọ̀rọ̀ náà rí létí. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú ni ó ń sọ iye wọn. Ǹjẹ́ kì í ṣe bí tiwa ti rí gan-an nìyẹn? Akọ̀ròyìn kì í yí padà, àwọn ni à ń fi ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wá gbọ́ wa ní kíláàsì, bí a ti ń fa s náà gùn bí ẹni tí ń lé adìẹ! Ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, Yorùbá bíi tiwa, kò ní ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀. Faransé ni ilé-ìwé fi ń kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì kò jókòó sáàárín.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an dùn mọ́ mi. Jour, ọjọ́, ni ó wà nínú rẹ̀. Journal des sçavans tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1665 kì í jáde lójoojúmọ́, síbẹ̀ ọjọ́ ni ó gbé sórí. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìròyìn ni ó gbé sórí ní tirẹ̀. Wọ́n ń ka ọjọ́, àwa ń ròyìn.

N kò wí pé Yorùbá yóò sìn wá dé ibi gbogbo. "Ó" wa kò mọ akọ, kò mọ abo. Bí akọ̀ròyìn obìnrin mẹ́wàá bá dé, "Les journalistes sont arrivées" ni a ó kọ. Bí ọkùnrin kan ṣoṣo bá dara pọ̀ mọ́ wọn, e kan gbọ́dọ̀ yọ kúrò, ó di arrivés. Mo ka èyí sí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ni èdè wọn.

Àwọn pàápàá a máa tàn wá. Nítorí òun ni a mọ̀, les ni a máa ń kọ níbi gbogbo. "J'ai vu les journalistes au marché": mo rí àwọn akọ̀ròyìn náà lọ́jà, àwọn tí a ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe àwọn akọ̀ròyìn kan ni, tí a kò tíì dárúkọ wọn rí, des journalistes ni. Ojú-ìwé méjì ni ìwé wa fi ṣàlàyé èyí ní Gẹ̀ẹ́sì, kò yé mi. Kan àti náà ni wọ́n là á yé mi lálẹ́ ọjọ́ kan lórí ibùsùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń to irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ jọ, Faransé lápá kan, Yorùbá lápá kejì, láìsí Gẹ̀ẹ́sì láàárín. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n báyìí. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa tí ó bá fẹ́ fi tirẹ̀ kún un, kí ó mú un wá.