"Jìnnà" àti "Òkèèrè": Ọ̀rọ̀ Lórí "Far" àti "Afar" ti Gẹ̀ẹ́sì

Nínú àwọn ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ bí ibì kan ti jìn sí ibòmíràn, kò sí èyí tí ó rọrùn lójú bí "far", kò sì wọ́pọ̀ kí a rí èyí tí ó ń ṣi atúmọ̀ lọ́nà tó o. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ̀ pé "jìnnà" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí a kọ́ ọmọ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì ń bá púpọ̀ nínú wọn dàgbà, títí di ìgbà tí wọn yóò máa ka ìròyìn fún gbogbo ìlú tàbí tí wọn yóò máa túmọ̀ ìwé fún tàwọn ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo "afar", ọmọ ìyá "far", tí a kì í sábà bá pàdé lóde òní bí kò ṣe nínú ewì, nínú ìtàn àti nínú Bíbélì. "Feor" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe "far". Nígbà tí ó yá, àṣà sísọ "of" tàbí "on" ṣáájú rẹ̀ wọlé, èyí tí í ṣe "láti ibi jíjìn" àti "ní ibi jíjìn". Àwọn méjèèjì yọ́ di ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì di "afar". Èyí ni pé ọ̀rọ̀-atọ́kùn kan wà ní ikùn "afar" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti gbàgbé, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tún fi "from" ṣáájú rẹ̀, bí ẹni tí ó dé fìlà lé orí fìlà. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí "lókèèrè". "Ní" ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. "Òkèèrè" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe bí "jìnnà". Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ibì kan tí a lè dúró sí, tí a lè ti wá, tí a sì ń sọ pé ilẹ̀ òkèèrè tàbí òwò òkèèrè. Nítorí náà, "òkèèrè" ni ẹnì kejì "afar". "Jìnnà" kọ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, "afar off" ni a lò fún Pétérù nígbà tí ó ń tọ Jésù lẹ́yìn lọ sí ilé olórí àlùfáà. Òun náà ni a lò fún agbowó-òde tí kò lè gbé ojú sókè nínú tẹ́ḿpìlì, àti fún ọlọ́rọ̀ tí ó rí Ábúráhámù láti inú iná. Ẹ̀rù ni ó fa ti Pétérù, ìtìjú ni ó fa ti agbowó-òde, ọ̀gbun tí ẹnikẹ́ni kò lè rékọjá ni ó sì fa ti ọlọ́rọ̀. Ohun tí ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé ojú tàbí ọkàn wọn ti dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé. Kò sí ẹni tí ó fi okùn wọn ilẹ̀ náà. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884, èyí tí Samuel Ajayi Crowther ṣe aápọn púpọ̀ lé lórí, "òkèèrè" ni a fi túmọ̀ rẹ̀, etí àwọn tí ó yàn án sì mú. Ká ní wọ́n sọ pé Pétérù jìnnà sí Jésù ni, ohun tí Yorùbá yóò gbọ́ ni pé ó yẹra fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń tẹ̀lé ènìyàn kò lè máa yẹra fún un nígbà kan náà.

Àwọn àgbà mọ ọgbọ́n yìí kí ìwé tó dé. Wọ́n ní láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó wà nínú òwe kan yìí, kò sì sí èyí tí ó lè gba ipò èkejì. Òkèèrè ni ọ̀nà tí ó wà láàárín olójú náà àti ibi ẹkún. Jíjìn ni bí ojú náà ti wọnú tó. Nítorí pé kànga jìn, ọ̀nà jìn, òru náà a sì máa jìn. Gẹ̀ẹ́sì yóò wá "deep" fún kànga àti ojú, yóò sì fi "far" sílẹ̀ fún ọ̀nà. Ní ti òru, àwọn méjèèjì ni ó ń lò. Atúmọ̀ tí ó bá pàdé "far into the night" kò nílò wàhálà kankan: títí òru fi jìn ni.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ nípa ewu "jìnnà" ni orúkọ ìwé ìtàn tí Thomas Hardy tẹ̀ jáde ní ọdún 1874, "Far from the Madding Crowd". Inú ewì kan tí Thomas Gray tẹ̀ jáde ní ọdún 1751 ni Hardy ti mú un. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ẹni tí ó jìnnà tàbí ohun tí ó jìnnà; "far" dá dúró láìní olùwà, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pé "Jìnnà sí Ariwo Èrò", àṣẹ ni a pa fún òǹkàwé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó jìnnà sí ọtí. Hardy kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ kíkorò: ní abúlé tí ó yẹ kí ó ní ìsinmi yìí ni iná ti jó kórìíko, ọmọbìnrin kan láti ibẹ̀ kú sínú ìyà, ibẹ̀ náà ni àgbẹ̀ kan ti yìnbọn pa ọkùnrin mìíràn nítorí obìnrin. "Níbi tí Ariwo Ọjà Kò Dé" ni ó sún mọ́ ọn jù. Kò sí "far" nínú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ìfọ́nnu inú rẹ̀ ṣì wà, ìtàn náà yóò sì lè já a ní irọ́.

Ti ìwé ìtàn ṣì kéré. Nínú ìròyìn ni àṣìṣe yìí ti ń ṣe ìpalára. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ìhà méjì "are far from agreement", ohun tí ó sì ń wí kò ju pé wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Bí olùka ìròyìn bá wá sọ pé àwọn méjèèjì jìnnà sí àdéhùn, òṣìṣẹ́ tí ìyanṣẹ́lódì ti mú jókòó sílé, tí ó sì ń fetí sí i, lè gbọ́ pé àwọn aṣáájú òun ń sá fún àdéhùn. Ẹ̀sùn ni a fi kàn wọ́n láìmọ̀. "Ọ̀rọ̀ wọn kò tíì wọ̀" kúrú, kò sì ba ẹnikẹ́ni jẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé a ń lo "jìnnà" fún ohun tí kì í ṣe ibì kan láti ìgbà pípẹ́. Òtítọ́ ni. A ń gbàdúrà pé kí ibi jìnnà sí wa. Oorun a máa jìnnà sí ojú aláìsàn. Àlàáfíà a sì máa jìnnà sí ilé oníjà. Ṣùgbọ́n ibi, oorun àti àlàáfíà jẹ́ ohun tí ó lè rìn wá bá ènìyàn kí ó sì tún lọ, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá wọn mu. Ìrọ̀rùn ìdánwò kò ní ẹsẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ìdánwò "jìnnà sí ìrọ̀rùn", Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá. "Kò rọrùn rárá" ni bàbá rẹ̀ ìbá sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "far better", tí "sàn jù ú lọ fíìfíì" wà fún. "So far", títí di ìsinsìnyí. Àti "as far as Ibadan", títí dé Ìbàdàn. Àwọn wọ̀nyí kò gba àríyànjiyàn.

Ibì kan wà tí Yorùbá ti ní ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí apàlọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ kí ìlú inú ìtàn rẹ̀ jìn, kò rí ohun mìíràn ṣe ju kí ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, "far, far away". Àwọn kan ti ń fi "jìnnà, jìnnà" túmọ̀ èyí nínú ìwé àwọn ọmọdé. "Réré" sì wà níbẹ̀. Ìlú náà jìnnà réré; apàlọ́ lè fa ìró ìkẹyìn rẹ̀ gùn bí ó ti fẹ́, àwọn ọmọ tí ó jókòó yí i ká yóò sì mọ bí ìrìn náà ti pọ̀ tó láti ibi tí ohùn rẹ̀ dúró sí.